Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àyà tó ń lù: ọ̀rọ̀ onígàrí kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Apoògùn ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń dín gàrí tà, asímà sì ń bá a jà. Oògùn méjì tí kò yẹ kó pàdé lára rẹ̀ ló pàdé, díẹ̀ ló sì kù kó bá a lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, mo sì ti yí àwọn ohun tí wọ́n fi lè dá a mọ̀ padà. Àwa tí a ń fi oògùn lé èèyàn lọ́wọ́ ni mo kọ ọ́ fún: dókítà, nọ́ọ̀sì, apoògùn, àti àwọn oní-kẹ́mísìtì tí aláìsàn máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó fojú kàn wá.

Ìyá náà ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ó ní asímà ti ṣe òun rí ní kékeré, ó lọ, ó tún padà dé lẹ́yìn tí òun bí àbíkẹ́yìn. Láti àárọ̀ ló máa ń jókòó ti agbada, tí èéfín igi á máa fẹ́ sí i lójú. Bí ọyẹ́ bá wá dé, tí eruku dara pọ̀ mọ́ èéfín, àyà rẹ̀ á máa dún fíì fíì, oorun kò ní ṣeé sùn. Ní ọyẹ́ kan, mímí nira fún un débi pé wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, kì í ṣe tiwa. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé, wọ́n sì fún un ní inhaler aláwọ̀ búlúù, ìyẹn salbutamol. Gbogbo ohun tí wọ́n bá a sọ nípa rẹ̀ kò ju èyí lọ: “Bí kò bá jẹ́ kí ẹ mí dáadáa, ẹ fín in sẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì.”

Kò sí irọ́ nínú gbólóhùn yẹn. Ọdún 1969 ni salbutamol ti wà lórí àtẹ, kò sì sí oògùn tó yá ju irú rẹ̀ lọ nígbà tí asímà bá gbé ìjà dé: láàárín ìṣẹ́jú 5 ó ti ń ṣí ọ̀nà èémí, agbára rẹ̀ sì lè wà lára fún wákàtí 4 sí 6. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún ìyá ni pé bó ṣe ń ṣí ọ̀nà èémí, ó tún lè mú ọwọ́ gbọ̀n, kó sì mú ọkàn lù kíkankíkan fún ìgbà díẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó lò ó nílé, èémí rẹ̀ já gaara. Kò pẹ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Oníbàárà kan wà níwájú rẹ̀ tó fẹ́ ra kóńgò mẹ́ta. Bó ṣe ń wọn gàrí náà ló ń dà á sílẹ̀. Oníbàárà ní, “Ìyá, ṣé kò sí o?” Ìyá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìtìjú ọjọ́ yẹn dun òun ju àìlèmí lọ, nítorí òṣùwọ̀n ni onígàrí fi ń níyì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n lórí kóńgò, wọ́n á ní ó fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ ni.

Ìgbà kejì, bákan náà. Aládùúgbò kan wá gbà á níyànjú pé inhaler máa ń di bárakú, pé ọkàn ló ń jẹ. Ẹlòmíràn ní òun mọ ẹnì kan tó kú tòun ti inhaler lọ́wọ́. (Kò ní ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí asímà bá pa, inhaler ni wọ́n máa bá lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n sì bá lọ́wọ́ òkú ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi.) Ìyá fi aṣọ wé inhaler náà, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ó wá lọ sí kẹ́mísìtì kan, ó ní òun fẹ́ oògùn èémí, àmọ́ kí ó má jẹ́ èyí tí wọ́n ń fín. Wọ́n ka hóró funfun kéékèèké sínú ọ̀rá fún un, wọn kò kọ orúkọ kankan sí i lára, wọ́n ní kó máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó inhaler. Salbutamol kan náà ni, hóró 4 mg. Microgram 100 ni inhaler ń tú jáde ní fífín kọ̀ọ̀kan, microgram 4,000 ló sì wà nínú hóró yẹn. Ìyẹn ni pé hóró kan ṣoṣo tó fífín 40. Èyí tí a bá fín ń lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí a bá gbé mì ní láti gba ikùn, kó wọ ẹ̀jẹ̀, kó yí gbogbo ara ká kó tó débẹ̀, gbogbo iṣan tó bá pàdé lọ́nà ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Obìnrin tó sá fún ọwọ́ gbígbọ̀n wá lọ fi owó ara rẹ̀ ra ìgbọ̀nwọ́gbọ̀n tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láti òwúrọ̀ dalẹ́. Àyà rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn. Lójú tirẹ̀, àìsàn mìíràn ti dé bá a nìyẹn, bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru, bóyá àìsàn ọkàn tí aládùúgbò sọ. Nítorí náà nígbà tó dé kẹ́mísìtì kejì, kò dárúkọ asímà rárá. Kí ló fẹ́ dárúkọ rẹ̀ fún? Àìsàn tuntun ló gbé wá. Ó ní, “Àyà mi ń lù, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò rí oorun sùn.” Wọ́n fún un ní propranolol, 40 mg.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bú oní-kẹ́mísìtì náà. Èmi ò bú u bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, propranolol kì í ṣe oògùn tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tà láìsí ìwé dókítà, òfin sì wà lórí ìyẹn. Àmọ́ ẹ gbé ẹjọ́ tó gbọ́ yẹn síwájú ẹni tí kò mọ̀ pé asímà wà nídìí rẹ̀: oògùn tó ń dẹ ọkàn tó ń sáré, tó sì ń dá ọwọ́ gbígbọ̀n dúró, ló máa wá sí i lọ́kàn. Iṣẹ́ tí propranolol mọ̀ ọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Bó ṣe ń ṣe é ló burú fún alásímà. Ojú kan wà lára iṣan ọ̀nà èémí tí wọ́n ń pè ní beta-2. Ojú náà ni salbutamol ń gbà mú kí iṣan náà dẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Propranolol ń dí ojú náà pa. Kì í wulẹ̀ ṣe pé kò ní jẹ́ kí salbutamol ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ lè mú ọ̀nà èémí fún pọ̀. Láti àwọn ọdún 1960 tí wọ́n ti ń lo propranolol ni wọ́n ti mọ̀ pé kò yẹ alásímà.

Ìrọ̀lẹ́ ló lo hóró àkọ́kọ́. Kí alẹ́ tó lẹ́, àyà rẹ̀ ti rọlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Inú rẹ̀ dùn. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin pé òun ti rí oògùn òun wàyí. Ní òru, kò lè mí mọ́.

Wọ́n wá inhaler títí kí ẹnì kan tó rántí ìsàlẹ̀ àpótí. Ó fín in, ó tún fín in, kò gbọ́. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e wá sọ́dọ̀ wa, ọmọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú kó má bàa já bọ́.

Kò lè sọ gbólóhùn kan parí. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tí a fi há a níka, ń ka iye tó wà lábẹ́ 90. Dókítà fi ọ́síjìn sí i, ó gbé salbutamol sínú nebuliser, ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkùukùu tí aláìsàn á máa fà sínú, ó sì gún un ní hydrocortisone, abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì tó ń mú wíwú ọ̀nà èémí rọlẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ bó ṣe yẹ kí ara aláìsàn ti rí lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ara ìyá kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, kò yí padà tó bí a ṣe fẹ́. Dókítà ní kí n wá wádìí ohun tí obìnrin yìí ń lò.

Mo bi ọmọ rẹ̀ léèrè. Ó ní ìyá òun kì í lo oògùn kankan, inhaler nìkan ni, wọn kì í sì í lò ó. Mo ní, “Àbúrò mi, jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ oògùn sílẹ̀. Látàárọ̀ àná, kí ni gbogbo ohun tó wọ ẹnu màámi?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oúnjẹ: ẹ̀kọ, àkàrà, àmàlà. Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ẹ̀ẹ́n, wọ́n lo èyí tí wọ́n fún wọn fún àyà.” Ó tú ìṣẹ́tí ìró ìyá rẹ̀, ó fa káàdì oògùn kan jáde. Orúkọ propranolol hàn gbangba lẹ́yìn rẹ̀.

Bí a ṣe rí orúkọ yẹn, ọ̀nà yí padà. Dókítà fi ipratropium kún ohun tó wà nínú nebuliser. Ọ̀nà tí ìyẹn ń gbà ṣí èémí yàtọ̀, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ojú tí propranolol dí. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ lọ, wọn kò fi ojú sílẹ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí ladáànì pe ìrun ìdájí, ìyá ti lè sọ gbólóhùn kan parí. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, “Ẹ má fún mi ní inhaler yẹn mọ́ o.”

Ẹ wò ó bó ṣe rí lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un pé propranolol ló fa ìjà òru náà. Ohun tó rí ni pé òun fín inhaler lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, òun sì bá ara òun ní ilé ìwòsàn. Bí a bá jẹ́ kó lọ sílé pẹ̀lú èrò yẹn, àtúnṣe tí a ṣe ní òru kan ṣoṣo ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin apoògùn kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló kọ́kọ́ lọ bá a. Ọmọ dáadáa ni, ó ń ka ìwé. Ó ṣí ìwé pélébé tó wà nínú páálí inhaler, ó sì tú u sí Yorùbá fún ìyá láti òkè délẹ̀: ọwọ́ gbígbọ̀n, orí fífọ́, ọkàn tó ń sáré, ẹnu àti ọ̀fun tó ń yún, iṣan tó ń fà, pọ́táṣíọ̀mù tó ń dínkù nínú ẹ̀jẹ̀, ojú wíwú, èémí tó tún lè há sí i lẹ́yìn tí a bá fín in. Kò fo ìkankan. Ìyá fi sùúrù gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ọmọ mi, o ṣé o. Àgbo ni mo máa padà sí.”

Òtítọ́ ni gbogbo ohun tó kà, ó sì lé aláìsàn kúrò nídìí oògùn tó lè gbà á là. Ìdí ni pé ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bíi pé ọgbọọgba ni wọ́n. Ìwé oògùn náà gan-an kò tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ gbígbọ̀n, orí fífọ́ àti ọkàn tó ń sáré ni ó kà sí ohun tó wọ́pọ̀; pọ́táṣíọ̀mù tó dínkù ṣọ̀wọ́n; èémí tó há sí i nítorí oògùn náà àti ara tó kọ̀ ọ́ ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ẹni tí kò lè kàwé kò ní mọ èyí tó máa bá pàdé lọ́la yàtọ̀ sí èyí tí kò ní bá pàdé títí láé, àfi bí ẹni tó ń kà á fún un bá là á yé e.

Lọ́jọ́ kejì èmi náà lọ, pẹ̀lú mátírọ́ọ̀nù wa, tó dàgbà tó ìyá. Kí a tó lọ, mo ti ní kí ọmọ rẹ̀ mú hóró funfun inú ọ̀rá wá, kó sì béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Mo jókòó. Mi ò mú ìwé kankan dání. Mo ní, “Màámi, ẹ sọ fún mi, kí ló ṣe yín lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fín in?” Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kóńgò mẹ́ta, gàrí tó dà sílẹ̀ àti oníbàárà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń lọ sí ọsibítù, kò sẹ́ni tó bi òun ní ìbéèrè yẹn rí.

Mi ò bá a jiyàn. Mo ní òótọ́ lẹ sọ, oògùn náà ló mú ọwọ́ yín gbọ̀n, òun náà ló mú àyà yín lù. Mátírọ́ọ̀nù gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi: “Ìyá, ata tó mú ọbẹ̀ dùn, ṣebí òun náà ló ń mú imú ẹni ṣomi? Ẹ ò torí ẹ̀ da ọbẹ̀ nù.” Ìyá rẹ́rìn-ín. Mo wá là á yé e pé iṣan wà ní ọ̀nà èémí, iṣan wà lápá, ọ̀rọ̀ tí oògùn náà ń bá ti ọ̀nà èémí sọ, ti apá náà máa ń gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí apá gbọ́ kì í pẹ́ lọ, kì í sì í ba ọwọ́ jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé hóró funfun síwájú rẹ̀. Mo ní oògùn kan náà nìyí, pé ọ̀kan nínú rẹ̀ tó fífín 40. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí. “Ogójì? Mo sì ń lo mẹ́ta lójúmọ́?” Kò sí ohun tí mo tún ní láti sọ lórí ìyẹn. Èyí tó ṣòro jù ni ti propranolol, nítorí oògùn yẹn ló fún un ní ìsinmi, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tí àyà rẹ̀ kò lù. Ó gbà nígbà tí mo sọ bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra: inhaler mú ọwọ́ gbọ̀n, ẹ sá fún un lọ sí hóró funfun, hóró mú un pọ̀ sí i, ẹ gba oògùn nítorí rẹ̀, oògùn yẹn sì dí ọ̀nà èémí. Ó ní, “Nítorí ọwọ́ tó gbọ̀n lásán.” Bẹ́ẹ̀ ni, màámi.

A kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí dókítà ní ó tó àkókò láti tún lo salbutamol, a fi inhaler fún un lójú wa. Bó ṣe fín in jọ mí lójú: ó la ẹnu, ó fín in sórí ahọ́n, ó pa ẹnu dé, ó gbé e mì. Díẹ̀ ṣíún ló lè dé ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀. A mú ike omi 500 ml, a lu ìdí rẹ̀ ní ihò tí ẹnu inhaler lè wọ̀ ṣinṣin, a ní kó fi ẹnu bo ọrùn ike náà, kó fín lẹ́ẹ̀kan, kó mí sínú mí síta lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó tún fín òmíràn. Ní South Africa ni wọ́n ti dán irú ike bẹ́ẹ̀ wò lára àwọn ọmọdé, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ó tó fín in ni mo ti sọ fún un pé, “Bó bá tó ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, ẹ lè rí i tí ọwọ́ á máa gbọ̀n, tí àyà á máa lù. Ẹ jẹ́ ká jọ máa wò ó.” Mátírọ́ọ̀nù di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Ó sáré lóòótọ́. Ìyá na ọwọ́, ìka rẹ̀ ń gbọ̀n. “Ó ti dé,” ló wí, kò sì sí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀. A ń bá a tàkúrọ̀sọ nípa owó ẹ̀gẹ́ títí ó fi rọlẹ̀.

Bí mo bá dá ìròyìn dúró síbi yìí, á dára létí. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e ló kọ́ mi ní nǹkan jù lọ. A ní kó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ bíi pé ọmọ náà ni asímà ń ṣe. Ó ṣàlàyé ike dáadáa, ó ṣàlàyé ata. Ó wá ní, “Bí o bá ti fín in, máa wo ọwọ́ rẹ. Bó bá ti ń gbọ̀n, oògùn ti ṣiṣẹ́. Bí kò bá gbọ̀n, tún un fín títí á fi gbọ̀n.”

Èmi àti mátírọ́ọ̀nù wo ara wa. Ohun tó ń bẹ̀rù láàárọ̀ ti di òṣùwọ̀n tó fẹ́ máa fi wọn oògùn lálẹ́. Ewu wà níbẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Ọwọ́ lè gbọ̀n kí ọ̀nà èémí má tíì ṣí. Á ní ó ti tó, á jókòó sílé. Bí èèyàn bá sì ń lò ó lemọ́lemọ́, ara máa ń mọ́ ọn lára, ọwọ́ kì í gbọ̀n tó ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Á wá máa fín in ní àfínjù, irú èyí tó ń fa pọ́táṣíọ̀mù wálẹ̀, tó sì ń da lílù ọkàn rú. A jókòó padà. A ní kó gbàgbé ọwọ́, kó wo èémí: ṣé ẹ lè sọ gbólóhùn kan já? Ṣé àyà ṣì ń dún? Ṣé ẹ lè dùbúlẹ̀? A jẹ́ kó tún un sọ lọ́jọ́ kejì kó tó lọ sílé, ọ̀rọ̀ èémí ló fi bẹ̀rẹ̀.

A ya àwọn ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sọ́nà mẹ́ta fún un. Ọwọ́ gbígbọ̀n, àyà tó lù fún ìgbà díẹ̀ àti orí tó fọ́ wẹ́rẹ́, kó jókòó, wọ́n á lọ. Bí iṣan ẹsẹ̀ bá ń fà á tàbí tó bá rí i pé òun ń wá inhaler búlúù lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀, kó wá bá wa ní ọ̀sán. Àmọ́ bí àyà bá ń dùn ún, bí òyì bá gbé e, bí èémí bá túbọ̀ há lẹ́yìn tó fín in, bí inú ètè tàbí ahọ́n bá ń dúdú bí aró, tàbí tí agbára oògùn kò bá tó wákàtí 4 kó tó tán, kó máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì máa fín in bọ̀ lọ́nà bí dókítà ṣe kọ ọ́ fún un.

Dókítà fún un ní inhaler kejì, aláwọ̀ ilẹ̀, tó ní sítẹ́rọ́ìdì nínú, kó máa lò ó lójoojúmọ́ yálà asímà ń bá a jà tàbí kò bá a jà, kó sì fi omi yọ́ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀ nítorí efu funfun tó lè hù sẹ́nu. Láti ọdún 2019 ni GINA, àjọ tó ń tọ́ àwọn oníṣègùn sọ́nà kárí ayé lórí asímà, ti ní kí a má ṣe fi inhaler búlúù nìkan tọ́jú àgbàlagbà mọ́. Ó rọrùn láti sọ. Láti ìgbà tí GSK, ilé iṣẹ́ oògùn tó ń ṣe inhaler, ti kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà, inhaler wọ́n, owó rẹ̀ sì lọ sókè. Ìyá ka iye kóńgò gàrí tí òun máa tà kí òun tó lè ra méjèèjì. A bá a wá èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ọ̀rọ̀ èéfín, ọmọ rẹ̀ àti ẹnì kan tí wọ́n háyà ló ń jókòó ti agbada báyìí, wọ́n sì yí ojú àdògán síbi tí atẹ́gùn ń gbé èéfín lọ. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, a kò sì sọ fún un pé kó fi sílẹ̀.

Ìyá ní ká lọ bá àwọn kẹ́mísìtì méjèèjì sọ̀rọ̀, mo sì lọ. Ẹni tó ta propranolol kò jà. Ó ní, “Àyà tó ń lù ni wọ́n sọ fún mi, wọn ò dárúkọ asímà.” Mo ní òótọ́ ni, wọn ò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí wọn ò mọ̀ pé ó kan ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà ló gbọ́dọ̀ béèrè. Ó ti gbà láti má ta propranolol láìsí ìwé mọ́. Bóyá ó ń ṣe é, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹni tó ka hóró sínú ọ̀rá ṣèlérí láti máa kọ orúkọ sí i. A ṣe káàdì kan fún ìyá, a fi rọ́bà so ó mọ́ inhaler: “Mo ní asímà. Ẹ má fún mi ní propranolol tàbí irú rẹ̀.” Ẹ̀yin tó ń tọ́jú ojú náà, ẹ gbọ́ o: timolol tí ẹ ń kán sójú àwọn àgbà tó ní gilọkómà, àìsàn ojú tó lè fọ́ni lójú, irú propranolol ni, ẹ̀kán kan sì lè há alásímà mọ́lẹ̀.

Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, ó jà á lẹ́ẹ̀kan ní òru. Ó fi ike fín in bí a ṣe kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, kò bìkítà, èémí rẹ̀ já. Òwúrọ̀ ló wá rí wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn wọlé. Àmọ́ nígbà tí mo béèrè inhaler aláwọ̀ ilẹ̀, ó ní òun ti fi sílẹ̀ fún bí oṣù méjì: “Kì í ṣe nǹkan kan lára mi.” Ẹ rí i. Èyí tó mú ọwọ́ gbọ̀n, ó kọ́kọ́ sá fún un. Èyí tí kò mú nǹkan kan gbọ̀n, ó ní kì í ṣiṣẹ́. A tún jókòó tì í.

Ohun tó ti yí padà nídìí fèrèsé tiwa nìyí. Kò sẹ́ni tó ń gba inhaler búlúù lọ láìgbọ́ ohun méjì tó máa kọ́kọ́ rí lára rẹ̀, ìgbà tó máa dé àti ìgbà tó máa lọ. Aláìsàn ló ń sọ ọ́ padà, lọ́rọ̀ ara rẹ̀, kó tó kúrò. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní àyà òun ń lù, a kì í béèrè pé oògùn wo ló ń lò. A máa ń béèrè ohun tó wọ ẹnu rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, yálà a gbé e mì, a fín in tàbí a kán an.

Dókítà kan lọ́dọ̀ wa kò fara mọ́ ti àkọ́kọ́. Ó ní bí a bá ti sọ fún èèyàn pé àyà rẹ̀ máa lù, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ kódà bí kò bá lù. Mo mọ̀ pé irú rẹ̀ wà, pàápàá lára oògùn tí èèyàn ń lò lọ títí. Ṣùgbọ́n ti salbutamol kò dúró de ẹnu wa. Yóò gbọ̀n fún púpọ̀ nínú wọn, a sọ o, a kò sọ o, ó sì lè jẹ́ pé nílé ni, lóru, níbi tí aládùúgbò nìkan wà láti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn. A ṣì ń jiyàn náà. Títí di ìgbà tí yóò fi parí, òun ń kọ oògùn, àwa ń sọ ọ́ nídìí fèrèsé.